Òjìji inú ojú, àti ìfòyà tó ń sọ ọ́ di àìsàn ńlá

"Ohun aléfòó inú ojú." Gbólóhùn yìí ń bí mi nínú gan-an, mo sì ń rí i lemọ́lemọ́ nínú àwọn àlàyé ìlera tí wọ́n ń kọ ní Yorùbá. Ẹni tó kọ ọ́ rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, floaters, ó tú u lẹ́yọ lẹ́yọ, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kí ló ń léfòó? Orí omi wo ló léfòó sí? Ẹ ka gbólóhùn yẹn fún ìyá àgbà tí ojú ń ṣe bẹ́ẹ̀, yóò rò pé pàǹtírí kan ló kó sí òun lójú, á sì ní kí ọmọ òun wá bá òun fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè jáde.

Ohun tí à ń sọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹ gbójú sókè wo ojú ọ̀run lọ́jọ́ tí oòrùn ràn tí ìkùukùu kò sí, tàbí kí ẹ tẹjú mọ́ ògiri funfun. Àmì róbótó-róbótó, fọ́nrán tó ká kò, àwọn mìíràn tó rí wúruwùru, wọ́n á máa kọjá lójú yín. Bí ẹ bá gbójú tẹ̀ lé e, á sá fún yín. Bí ẹ bá dá ojú dúró, á rọra máa sọ̀ kalẹ̀. Òjìji inú ojú ni mo ń pè é, mi ò sì rí ìdí tí mo fi máa yí i padà, torí pé òjìji gan-an ni.

Inú ẹyinjú kò ṣófo. Omi dídì kan tó mọ́ gaara ló kún un, ó tó nǹkan bíi mílílítà 4, omi lásán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù ni fọ́nrán collagen tín-ín-tìn-ìn-tín àti àwọn èròjà mìíràn tí kì í jẹ́ kó ṣàn. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, omi dídì yìí á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ á sì máa lẹ̀ mọ́ra wọn di kókó. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ọmọlójú wọlé á bá kókó yìí pàdé lọ́nà, òjìji kókó náà á sì já lé rẹ́tínà, ìyẹn awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán. Kókó tó sún mọ́ rẹ́tínà ni òjìji rẹ̀ ń mú ṣáká, èyí tó jìnnà sí i á rí bàìbàì. Nínú ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀, ọmọlójú á sún kì, òjìji á túbọ̀ hàn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀sán gangan ló ń yọ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu jù. Ẹ kò rí kókó yẹn fúnra rẹ̀ rí láyé yín. Òjìji rẹ̀ lẹ̀ ń rí. Ẹni tó bá pè é ní òjìji ti sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ tán, ẹni tó pè é ní aléfòó kò tíì sọ nǹkan kan.

Wọ́n ti bá mi jiyàn pé òjìji á dẹ́rù ba èèyàn, pé Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀mí àìrí ló dé. Mi ò gbà. Ọmọdé ń fi òjìji ọwọ́ rẹ̀ ṣeré lára ògiri lálaalẹ́, kò sì sá. Ohun tí Yorùbá mọ̀ mọ́ òjìji ni pé ó ń tẹ̀ léni kiri tí kò lè gbáni létí. Kò sí ọ̀rọ̀ tó lè tu ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe nínú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan tún tọ Látìnì lọ. Muscae volitantes ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ìyẹn àwọn eṣinṣin tó ń fò, wọ́n wá ní ká máa sọ pé "eṣinṣin ojú". Eṣinṣin ojú lọ́dọ̀ wa ni èyí tó ń bà lé ojú ọmọ tó ń ṣepin, tó ń gbé àrùn láti ojú ọmọ kan lọ sí ojú òmíràn. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ yẹn sílẹ̀ fún un.

Èyí tó burú jù lára wọn ni "aràn ojú". Aràn ojú wà lóòótọ́. Loa loa lorúkọ rẹ̀, irù inú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Chrysops ló ń gé èèyàn jẹ tó ń gbé e wọ ara, ó sì wà ní Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà, Nàìjíríà wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bo ẹyin ojú funfun ni aràn yẹn ń gbà kọjá, ẹni tó dúró níwájú rẹ lè rí i bó ṣe ń wọ́ lọ. Òjìji ní tirẹ̀, ìwọ nìkan lo ń rí i, àní bí odindi àwọn ará ilé bá yí ọ ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ìyá kan tó ń ránṣọ ládùúgbò wa ń ran léèsì funfun lójúmọmọ, ó rí òwú dúdú kan lórí aṣọ, ó fi èékánná ṣá a. Kò mú un. Ó tún ṣá a níhìn-ín, òwú ti bọ́ sí ọ̀hún. Ó gbọn aṣọ náà, ó yẹ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ wò, kó tó yé e pé ojú òun ni òwú náà wà. Ẹnì kan tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ bá sọ fún un pé aràn ojú ni. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sùn dáadáa mọ́. Oògùn ojú olómi tí wọ́n tà fún un ní kẹ́míìsì, èyí tó ní steroid nínú ni, bẹ́ẹ̀ irú oògùn yẹn, béèyàn bá ń kán an pẹ́ láìsí dókítà tó ń ṣọ́ ọ, ó lè mú kí ẹyinjú máa le gan-an láti inú, kó sì ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́ pátápátá. Orúkọ tí kò tọ̀nà ló gbé e débẹ̀. Ẹ má bi mí mọ́ pé kí ló kàn mí nínú bí àwọn èèyàn ṣe ń pe nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ síbi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà. Bí òjìji bá wà lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn, kí ló dé tí ẹnì kan fi ń gbàgbé tirẹ̀ fún oṣù púpọ̀, tí ẹlòmíràn kò fi rí nǹkan mìíràn mọ́ láti àárọ̀ dalẹ́?

Ọpọlọ kì í jẹ́ ká rí gbogbo ohun tí ojú gbà wọlé. Lọ́dún 1804 ni Ignaz Troxler, dókítà ọmọ Switzerland, ti kọ̀wé pé béèyàn bá tẹjú mọ́ ojú kan láìyẹ̀, àwọn ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò mira á máa parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wà níwájú rẹ́tínà gbogbo wa, òjìji wọn ń já lé e ní gbogbo ìgbà, síbẹ̀ a kì í rí wọn, torí wọn kì í kúrò lójú kan. Òjìji inú ojú ń rìn ní tirẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó máa yọ sí wa fìrí. Ọpọlọ á tún rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò ṣe pàtàkì.

Ẹni tó bá kó wọ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ariwo yẹn á fẹ́ pa á. Nígbà tó bá yá, ó lè sùn lọ́sàn-án tí wọ́n ń lọ ata, àlejò ló máa bi í pé, "Ṣé báyìí lẹ ṣe ń gbé níbí?" Ẹ̀rọ kò dákẹ́, etí rẹ̀ ló ti jọ̀wọ́ ẹ̀rọ sílẹ̀. Àfi lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá wá sọ fún un pé irú ẹ̀rọ báyìí ti bú gbàmù lójúlé kejì, ó sì pààyàn. Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò ní gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Á máa gbọ́ bó ṣe ń kọ, bó ṣe ń wúkọ́, bó ṣe ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Á dìde lóru lọ fetí sí ògiri bóyá ó gbóná. Ẹ̀rọ àná náà ni, ariwo àná náà ni. Ìfòyà ló pààrọ̀ etí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìfòyà àìsàn ṣe ń ṣe ojú.

Ìfòyà àìsàn ni mo wí. "Àníyàn ìlera" tí àwọn kan ń lò kò bá a mu. Ẹni tó ń ṣàníyàn ìlera rẹ̀ ń jẹ ẹ̀fọ́, ó ń rìn láàárọ̀, ó ń lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ohun rere ni. Kò sẹ́ni tí ìlera ń bà lẹ́rù, àìsàn ló ń bani lẹ́rù. Mo tún kọ "àìsàn àfinúrò" pátápátá, torí èébú ni. Ẹni tó ń rí òjìji kò fi inú rò ó, ó ń rí i. Àyà tó ń já a kì í ṣe àfinúrò pẹ̀lú. Bí dókítà bá lo irú ọ̀rọ̀ yẹn, aláìsàn á gbọ́ pé irọ́ ni wọ́n ní òun ń pa, á sì wá dókítà mìíràn lọ. Àwọn Òyìnbó pàápàá ti jìjà yìí: orúkọ àtijọ́ tó wá láti èdè Gíríìkì, hypochondriasis, ti di èébú lẹ́nu àwọn èèyàn, ìwé DSM tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ń lò sì yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2013. Wọ́n fi orúkọ méjì rọ́pò rẹ̀. Mi ò ní dúró lórí ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì, ẹni tó ń bẹ̀rù kò nílò rẹ̀.

Bí ìfòyà yìí ṣe ń bọ́ ara rẹ̀ ni àwọn olùwádìí méjì, Paul Salkovskis àti Hilary Warwick tú sílẹ̀ lọ́dún 1986 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn rí nǹkan, ó túmọ̀ rẹ̀ sí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ tàbí ìfọ́jú, ẹ̀rù bà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò, ó bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n fi í lọ́kàn balẹ̀. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí iyèméjì á fi padà dé. Ní ti ojú, yíyẹ̀ ẹ́ wò yìí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Á di ojú ọ̀tún, á fi tòsì wo ògiri. Á di tòsì, á fi ọ̀tún wò ó. Á yí ojú sọ́tùn-ún sósì kí òjìji lè jáde, á wá máa ka iye rẹ̀ bóyá ó ti lé sí i. Ohun tó yẹ kí ọpọlọ gbàgbé ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọpọlọ láti máa ṣọ́. Tó bá di òru, á gbé fóònù. Lọ́dún 2008, Ryen White àti Eric Horvitz ní Microsoft yẹ bí àwọn èèyàn ṣe ń wá àìsàn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, wọ́n rí i pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kékeré bí ẹ̀fọ́rí lè dé orí kókó inú ọpọlọ láìpẹ́. Ohun tó wọ́pọ̀ kì í gba àyè púpọ̀ níbẹ̀, ohun tó ń pani ló ń gbà á.

Ìfòyà tún ń fi nǹkan tirẹ̀ kún un. Ara tí ẹ̀rù bá bà á ń mí kíákíá, orí á fúyẹ́, ojú á ṣe bàìbàì. Ọmọlójú á là sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa ta èèyàn lójú. Ẹni náà á tún kà á mọ́ àmì àìsàn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi orúkọ ìfòyà bo ohun tó yẹ ká sáré sí lè fọ́ni lójú. Bí òjìji bá ya dé lójijì bí ẹni da á sílẹ̀, bí mànàmáná bá ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, bí nǹkan dúdú bá ń bo apá kan ohun tí à ń wò, ọ̀dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà ni, rẹ́tínà lè ti ya tàbí kó máa ṣí kúrò lẹ́yìn ojú. Ẹni tó ti lé ní 50, ẹni tí kì í rí ọ̀nà jíjìn dáadáa, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lójú, kí wọ́n má fi falẹ̀ rárá. Tí dókítà bá ti mú kí ọmọlójú là sílẹ̀, tó yẹ ẹ̀yìn ojú wò, tó ní kò sí nǹkan, àyẹ̀wò yẹn tó. Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin láàárín oṣù kan, nígbà tí nǹkan kan kò yí padà, ìfòyà ni wọ́n ń bọ́.

Òjìji fúnra rẹ̀ kì í sábà gba ìtọ́jú. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa omi dídì náà jáde wà, àmọ́ ó lè mú kí ibi tó mọ́ gaara lẹ́yìn ọmọlójú tètè ṣú, ìyẹn cataract, dókítà tó mọṣẹ́ kì í yára ṣe é. Ìfòyà ló ní ìtọ́jú tó ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní CBT, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe, níbi tí èèyàn ti ń kọ́ láti dẹ́kun yíyẹ ara wò àti bíbéèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé. Dókítà ọpọlọ kan, Peter Tyrer, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára àwọn aláìsàn 444 tí ìfòyà àìsàn ń dà láàmú ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ lọ́dún 2014. Ìfòyà àwọn tó gba ìtọ́jú náà dínkù ju ti àwọn yòókù lọ, kò sì tíì padà lẹ́yìn ọdún 2.

Ó ku ohun mìíràn tí ojú ń rí, èyí tí Òyìnbó ń pè ní visual snow, tí wọ́n ń túmọ̀ sí "yìnyín ojú". Ẹni tó ní in ń rí àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń mì lórí gbogbo ohun tó bá wò, kì í dáwọ́ dúró, ìwádìí ọdún 2014 sì ti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí túúlu ń fi hàn lójú. Àwọn tó ní in sábà máa ń ní àníyàn pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àníyàn lásán ni. Yìnyín tí Yorùbá mọ̀ tutù, ó sì ń bọ́ láti òkè. Èyí kò tutù, kò sì bọ́ láti ibì kankan. Wínníwínní ojú ni mo ń pè é, títí ẹnì kan yóò fi mú èyí tó sàn jù ú lọ wá.