Ìrora Àpò Ìtọ̀ Bárakú Kì í Ṣe Àtọ̀sí

Láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé ní Àbújá, bí abẹ́ ikùn bá ń ro obìnrin, tí ó ń tọ̀ lọ́sàn-án tí ó ń tọ̀ lóru, àwọn ará ilé yóò ní àtọ̀sí ni, olóògùn ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yóò sì ní sanyi ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn Háúsá ti ń pè é. Inú mi kò dùn sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àrùn tí ènìyàn ń kó níbi ìbálòpọ̀ ni àtọ̀sí; sanyi, tí kò ju òtútù lọ ní ìpìlẹ̀, sì ti di orúkọ gbogbo àìsàn abẹ́ obìnrin. Orúkọ burúkú yìí ló ń yan oògùn fún aláìsàn: oògùn apakòkòrò ni wọn yóò máa fún un léraléra, bẹ́ẹ̀ ìwé ìlànà àwọn oníṣègùn ìtọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé kí a má ṣe fi irú rẹ̀ tọ́jú àìsàn yìí fún ìgbà pípẹ́.

Ìrora àpò ìtọ̀ bárakú ni èmi ń pe àìsàn yìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní interstitial cystitis tàbí bladder pain syndrome. Àwọn tí ó kọ ọ́ ní “wíwú àpò ìtọ̀” kò ro ó dáadáa, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ obìnrin, dókítà yóò wo inú àpò náà títí, kò ní rí egbò kan. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ó ní egbò tí Guy Hunner, oníṣègùn àìsàn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe ní 1915. “Ọlọ́jọ́ pípẹ́” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ nìkan ló ń kà. Bárakú sọ pé ó ti wọ ara, ó ń lọ, ó ń bọ̀, àìsàn bárakú sì ti wà lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì wa tẹ́lẹ̀. Kí a tó lo orúkọ náà, ìrora gbọ́dọ̀ ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, kí àyẹ̀wò sì má rí kòkòrò. Ní apá Àríwá níbí, a ní láti yọ àtọ̀sí ajá kúrò pẹ̀lú, ìyẹn àrùn aràn inú omi tí ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, èyí tí oògùn praziquantel ń wò.

Ní ti ìtọ́jú, Cochrane, àjọ tí ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 81 jọ ní 2020, ènìyàn 4,674, oríṣi ìtọ́jú 65. Díẹ̀ nínú àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí ló ti kojú ara wọn rí. Oògùn tí kò ní nǹkan nínú ni wọ́n sábà ń fi wọ́n wé. Ẹ wo dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Háúsá, kí ẹ fi Sani ṣe oògùn tí kò ní nǹkan nínú, kí ẹ sì fi Garba àti Bala ṣe ìtọ́jú méjì: bí Garba bá lu Sani ṣubú ní ìpele kìíní, tí Bala kò sì rí Sani lù ṣubú títí di ìpele kẹta, a lè sọ pé Garba lágbára ju Bala lọ bí wọn kò tilẹ̀ pàdé rí. Ṣùgbọ́n bí ibà bá ń ṣe Sani lọ́jọ́ tí Garba bá a jà ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ló rí bí àwọn obìnrin inú ìwádìí kan bá ní egbò Hunner, tí ti èkejì kò ní. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ pé amitriptyline (oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn) àti irú rẹ̀, àwọn oògùn tí ń dín ìrora kù, àti abẹ́rẹ́ Botox, tí ń dẹ iṣan, sínú àpò ìtọ̀ lè ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n tí wọn kò fọwọ́ sọ̀yà.

Ìfọwọ́tọ́jú iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí ni èmi fẹ́ràn jù. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní 2012, obìnrin 81, ìdá 59 nínú 100 àwọn tí wọ́n tọ́jú iṣan yìí fún ni ara tù, ìdá 26 péré sì ni nínú àwọn tí wọ́n kàn wọ́ gbogbo ara fún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èyí ni eré ìdárayá tí ń mú iṣan náà le sí i, nítorí pé èyíinì lè fi kún ìrora. Amitriptyline ń mú oorun wá, ó sì ń gbẹ ẹnu, èyí tí ọyẹ́ Àbújá yóò tún fi kún. Pentosan, oògùn oníhóró tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àìsàn yìí ní 1996, ni mo ń fi sí ẹ̀yìn: láti 2018 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ó lè ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́, ẹni tí ó bá sì ń lò ó ní láti máa lọ yẹ ojú wò.