Wọn Kì Í Gbé Èèyàn Lọ sí ICU Kó Lè Kú

Tí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé ẹnì kan lọ sí ICU, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an nílé ìwòsàn, àwọn ẹbí mìíràn á ti bú sẹ́kún bíi pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kì í jáde láàyè. Ó ń dùn mí gan-an, torí àwọn kan tìtorí ẹ̀ kọ ìtọ́jú tí ì bá gba ẹ̀mí èèyàn wọn là.

Lóòótọ́, èèyàn ń kú níbẹ̀, àwọn tí àìsàn wọn le jù ló kúkú wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn tí òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ pé sí, àwọn tó ń kúrò ní ICU láàyè ló pọ̀ jù.

Ẹ wo bí ICU ṣe bẹ̀rẹ̀: lọ́dún 1952, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ jà ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, débi pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ò lè dá mí mọ́. Dókítà Bjørn Ibsen ní kí wọ́n lu ihò sí ọ̀nà ọ̀fun tí èémí ń gbà, kí wọ́n sì máa fọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ látinú àpò sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bíi 1,500 ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ tí ì bá kú ló yè. Nígbà tó di 1953, Ibsen dá wọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún irú ìtọ́jú yìí.

ICU kì í sì í ṣe oríṣi kan. Ti àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé wà: ọ̀pọ̀ wọn kàn ń dúró kí ẹ̀dọ̀fóró wọn gbó, kí wọ́n sì wúwo tó ni. Ti ọkàn wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Ti ọpọlọ wà, ti àwọn tí iná jó náà wà. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún gan-an, wọ́n sábà máa ń ṣètò bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní ICU kó tó dọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Àwọn kan tún ní ẹ̀rọ tó ń báni mí ló ń pani. Rárá o! Àìsàn ló dá èémí dúró. Ẹ̀rọ náà ń mí fún aláìsàn títí ara rẹ̀ á fi lè dá mí. Tí aláìsàn ò bá sọ̀rọ̀, ọ̀pá tó gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá ni kì í jẹ́ kí ohùn jáde, wọ́n sì lè ti fún un ní oògùn oorun.

Tó bá kan èèyàn yín, ẹ bi dókítà pé: ẹ̀yà ara wo lẹ ń ràn lọ́wọ́, kí lẹ sì fẹ́ rí kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò ní ICU lọ sí wọ́ọ̀dù gbogbogbò?