LIFE: Ilé ẹ̀kọ́ PhD nípa ìgbésí ayé ẹ̀dá ní Berlin, àti bí wọ́n ṣe ń wọ ibẹ̀

LIFE ni wọ́n ń pe ilé ẹ̀kọ́ PhD kan tí ìdí ẹ̀ fìdí múlẹ̀ sí Berlin ní Jámánì, ọdún 2002 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì ju kí wọ́n wádìí bí èèyàn ṣe ń yí padà láti ìkókó títí dọjọ́ ogbó. Max Planck Institute for Human Development tó wà ní àdúgbò Dahlem ló gbé e dání, àmọ́ kò dá a ṣe o, Freie Universität àti Humboldt, yunifásítì méjì ní Berlin, wà ńbẹ̀, Yunifásítì Michigan àti Virginia ní Amẹ́ríkà wà ńbẹ̀, Zurich ní Switzerland náà wà ńbẹ̀.

Paul Baltes, onímọ̀ sáíkọ́lọ́jì tó kú ní 2006, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òun ló máa ń sọ pé èèyàn ò jáwọ́ nínú dídàgbà tó bá ti kúrò léwe, pé kò sọ́jọ́ orí tí a ò ti ní jèrè nǹkan ká sì pàdánù òmíì. Nínú Berlin Aging Study, ìwádìí nípa ogbó tóun àtàwọn mìíì jọ ṣe, àgbàlagbà 516, láti ẹni àádọ́rin ọdún dórí ẹni tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún, làwọn dókítà, onísáíkọ́lọ́jì àtàwọn onísọsíọ́lọ́jì jọ yẹ̀ wò, ọ̀nà yẹn náà ni LIFE ń tọ̀, torí náà ẹni tó fẹ́ wọ LIFE tó wá kọ ìbéèrè tí ẹ̀ka kan ṣoṣo lè dáhùn, kò tíì mọ ilé tó ń kàn.

Ibi tó máa ń rú èèyàn lójú ni pé Max Planck ò lágbára láti fúnni ní PhD, yunifásítì ló ń fúnni. Fún àwọn ti Berlin, ẹni tó ti ní Masters ló máa ń kọ̀wé sí LIFE fúnra ẹ̀, pẹ̀lú CV, èsì ìdánwò, lẹ́tà àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa àti ìwé tó fi ṣàlàyé ohun tó fẹ́ wádìí. Ìwé yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí wọ́n máa wò ó bóyá súpáfáísọ̀ wà nílẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, tí kò bá sí, ìwé tó dáa náà lè má bọ́ sí i. Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀, dìpátímẹ́ǹtì ló máa kọ́kọ́ gbà ẹ́ sí PhD tiwọn kó tó kan LIFE.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Látọdún 2015 ni Max Planck ti ń fọwọ́ síwèé àdéhùn tó ní owó oṣù àti ìbánigbófò fáwọn ọmọ PhD ẹ̀, ọdún mẹ́ta ló sì sábà máa ń jẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún gbogbo wọn máa ń péjọ sí ọ̀kan nínú àwọn ibi tí àwọn yunifásítì yẹn wà, kí onímọ̀ ọpọlọ wá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ fún onísọsíọ́lọ́jì tí kò tíì rí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ rí.