Lílo ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ fún ẹ̀kọ́ ní àwọn yunifásítì Èkìtì

Lílo ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ fún ẹ̀kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi WhatsApp, Telegram, YouTube àti irú wọn gba iṣẹ́ kíláàsì, kí wọ́n máa fi bi ara wọn ní ìbéèrè, kí wọ́n sì máa fi jọ kàwé. Ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ó ti di ohun ojoojúmọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ EKSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì) ní Adó-Èkìtì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ABUAD (Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá) tó dé ní 2009, àti FUOYE (yunifásítì Ọyẹ́-Èkìtì) tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2011.

WhatsApp ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní ojú òpó tirẹ̀, aṣojú kíláàsì ló sì ń bójú tó o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé tẹ́ẹ̀sì di ọ̀la, tàbí pé olùkọ́ ò ní wá mọ́. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré ní FUOYE, torí ìlú méjì ni yunifásítì náà wà: Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, níbi tí ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà. Ẹni tó bá tètè rí i lórí fóònù kò ní san owó mọ́tò lásán.

Pátákó ìkọ̀wé ni ìlò rẹ̀ ti hàn kedere jù. Olùkọ́ ti fi ìṣirò kún pátákó, ó mú dọ́sítà láti nù ún, ni fóònù bá ń yọ sókè láti ẹ̀yìn kíláàsì. Kí wọ́n tó jáde, àwòrán ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ibà dá dúró sílé. Ṣùgbọ́n àwòrán tí wọ́n yà láti òkèèrè máa ń sọ 3 di 8. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ dà á kọ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó níwájú.

Àwọn mìíràn fẹ́ràn kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀, kí ẹnì kan ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ. Nínú irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ti ń gbọ́ ẹ̀ka èdè Èkìtì dáadáa, “ulé” dípò “ilé”, “uṣu” dípò “iṣu”. Fún ẹni tó ń kọ́ èdè Yorùbá, ohùn sàn ju àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò lámì lọ: bí wọ́n bá tẹ “ọfọ” lásán nínú nóòtì, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọfọ̀ ni tàbí ọ̀fọ̀?

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020, àti nígbà ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, láti 14 oṣù Èrèlé títí di 14 oṣù Ọ̀wàrà 2022, ojú òpó wọ̀nyí ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kíláàsì fọ́nká. Telegram wúlò fún ìwé ńlá àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, torí ó ń gba fáìlì tó tó 2 GB.

Dátà ni ìnira tó pọ̀ jù. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀, fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi kún owó tí wọ́n ń gbà, tó lè tó ìdá 50 nínú 100. Fídíò YouTube ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ pa tì, bí dátà bá tán pátápátá, á lọ jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, á ní, “Jọ̀ọ́, tan hotspot fún mi.”