Ẹfun Lọ́tùn-ún, Osùn Lósì: Bí Iná Ṣe Ń Rìn Lójú Irin Rélùwéè Inú Ilé

Bí rélùwéè kékeré bá ń sáré yí tábìlì ká ní pálọ̀ ẹnìkan, ohun tí àlejò máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Bátìrì mélòó ló wà nínú ẹ̀?" Lára irú èyí tí à ń sọ yìí, kò sí bátìrì kankan níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n èrò tó wà nídìí rẹ̀ ló ń da iṣẹ́ rú mọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbà pé ọkọ̀ ló gbé agbára ara rẹ̀ dání yóò máa wo ojú irin bí ọ̀nà lásán, bí ọ̀dà tí wọ́n dà sí títì. Wáyà ni ojú irin. Wáyà méjì tí kò gbọdọ̀ fara kanra ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, tí nǹkan onírin sì ń sáré lórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ti tábìlì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: pákó tó gbẹ dáadáa láti Bódìjà, páálí tí wọ́n gé ṣe ilé, àwọ̀ ìpẹtà fún òrùlé páànù kí ó lè jọ Ìbàdàn. Ìwọ̀n nìkan ló yẹ kí a dúró lé díẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni HO, níbi tí ohun gbogbo ti jẹ́ ìdá kan nínú 87, tí àlàfo àárín irin méjèèjì sì jẹ́ mílímítà 16.5. Ojú irin tuntun tó ti Èkó wá sí Mọ́níyà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021, fẹ̀ ní mílímítà 1,435; pín in sí 87, 16.5 náà ni yóò bọ́ sí. Ti àtijọ́ tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn lọ́dún 1901 kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mílímítà 1,067 ni. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ Dùgbẹ̀ ayé àtijọ́ lórí irin 16.5 yẹn kan náà, ìdá kan nínú 64 ló yẹ kí ó fi kọ́ ilé àti ọkọ̀. Gbogbo ọ̀nà ńkọ́? Kìlómítà 157 ni ti tuntun, Èkó sí Ìbàdàn. Nínú HO, yóò ṣì gùn tó mítà 1,800. Ibùdókọ̀ kan ṣoṣo tó téèyàn.

Ó di ti iná. Ká pe irin ọ̀tún ní ẹfun, ká pe ti òsì ní osùn. Iná tí kò ju fólítì 12 lọ ń ti inú kọ́ńtírólà, àpótí tí a fi ń darí ọkọ̀, bọ́ sórí ẹfun, ó gba ẹsẹ̀ irin ọkọ̀ gòkè, ó wọ ẹ̀rọ kékeré kan, irú èyí tó máa ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò, ó yí i, ó gba ẹsẹ̀ òdìkejì sọ̀ kalẹ̀ sórí osùn, ó sì padà sílé. Ọ̀pá kan náà ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, àmọ́ ike líle kan wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí iná gba ara ọ̀pá kọjá. Bí a bá yí kọ́ńtírólà sí òdìkejì, ẹfun á di osùn, osùn á di ẹfun, ẹ̀rọ á sì máa yí sẹ́yìn. Wáyà méjì péré ló ń sọ bí ọkọ̀ yóò ṣe yára tó àti ibi tí yóò kọjú sí. Ẹni tó ronú èyí gbọ́n.

Bí ọkọ̀ bá ń wọ́ ẹsẹ̀ ní ìkángun tábìlì, kì í ṣe pé ẹ̀rọ rẹ̀ ti kú. Nickel silver ni wọ́n fi ń rọ ọ̀pọ̀ irin yìí. Bàbà, nickel àti síńkì ni, kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀, kò sì gbé iná dáadáa tó bàbà. Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ ni: ilé tó wà lórí òkè kì í rí omi bí àwọn tó wà nísàlẹ̀ bá ti ṣí tiwọn. Wáyà bàbà tó nípọn ni kí a nà sábẹ́ tábìlì, kí a máa yọ ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara rẹ̀ lọ sára irin ní bíi mítà kan sí mítà kan. Lásìkò ọyẹ́, kí a máa fi spirit nu eruku orí irin.

Ibi tó dùn jù nìyí. Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ jáde lọ, kí ó yípo ní ìkángun, kí ó sì gba ọ̀nà kan náà padà wálé. Wọ́n á to irin tán, wọ́n á tan iná, kọ́ńtírólà á kú fin-ín. Wọ́n á bú ọkọ̀. Wọ́n á ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kò tilẹ̀ ní láti wà lórí irin kí ó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹnìkan mú ẹfun lọ́wọ́ ọ̀tún, ó mú osùn lọ́wọ́ òsì, ó sì ń fi méjèèjì fa ilà sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Bó bá yí Gbọ̀ngàn Màpó ká tó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹfun á bá ẹfun, osùn á bá osùn. Kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n kí ó gbéra láti Dùgbẹ̀, kí ó dé Mọ́kọ́lá, kí ó yí ráńdábáòtù po, kí ó sì tọ ipa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà. Ọ̀tún rẹ̀ ti bọ́ sí ibi tí òsì wà nígbà tó ń lọ. Ẹfun ti gorí osùn. Lójú títì, ilà á kàn dàrú ni. Lójú irin, ṣọ́ọ̀tì ni: iná ti ara ẹfun bọ́ sórí osùn láìgba inú ẹ̀rọ kọjá.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé, nígbà tí arìnrìn-àjò yìí ṣì wà nínú ráńdábáòtù, kí ẹnìkan sáré pa ilà ọ̀nà Dùgbẹ̀ rẹ́, kí ó tún un fà: ẹfun síbi tí osùn wà, osùn síbi tí ẹfun wà. Bó bá jáde, ohun tó mú lọ́wọ́ á bá ti ilẹ̀ mu. Ohun tí a ń ṣe sí irin náà nìyẹn. A ó gé irin méjèèjì níbi tí ọkọ̀ ń gbà wọ ìyípo àti níbi tó ń gbà jáde, a ó fi ike so ojú ibi tí a gé, kí iná má baà kọjá. Ìyípo á ní wáyà tirẹ̀. Bí gbogbo ọkọ̀ bá ti wọlé tán, súíìṣì kan á yí iná ọ̀nà ńlá padà, ti inú ìyípo kò sì ní yí. Ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ìyípo gbọ́dọ̀ gùn ju ọkọ̀ lọ. Bí orí bá ń jáde nígbà tí ìrù ṣì ń wọlé, ẹsẹ̀ irin á tún so ohun tí a gé pọ̀.

Àbùkù ètò yìí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ: ọgbọ́n fífi irin ọ̀tún àti ti òsì ṣe wáyà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bí i. Märklin, ilé-iṣẹ́ Jámánì tó ń ṣe rélùwéè kékeré, gba ọ̀nà mìíràn nínú HO tirẹ̀. Irin ọ̀tún àti òsì wọn jẹ́ osùn, ẹfun wà láàárín. Bí ó ti wù kí ènìyàn yípo tó, àárín á bá àárín. DCC, ètò ìdarí oní-kọ̀ǹpútà, ní tirẹ̀ fi kọ̀ǹpútà kékeré sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ló ń gba àṣẹ pé kí ó lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, ẹ̀rọ kan sì lè máa yí iná ìyípo padà fúnra rẹ̀ kí ojú tó rí i. Ó wọ́n o. Súíìṣì tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹfun àti osùn yìí náà ló ń pinnu bí èèyàn púpọ̀ ṣe lè jọ pín rélùwéè kan lò. Bí ẹnìkan bá kọ́ pákó kan ní Bódìjà, tí èkejì kọ́ tirẹ̀ ní Challenge, wọ́n lè gbé e pàdé, kí wọ́n so ó pọ̀ di ọ̀nà gígùn, bí wọ́n bá ti fẹnu kò lórí bí pákó ṣe ga tó, ibi tí irin ti máa yọ létí, àti irin tó jẹ́ ẹfun. Irin tó kọjú sí òǹwòran ló dára jù kí a yàn, nítorí ojú lásán ló fi máa mọ̀ ọ́n. Bí pákó kan bá kẹ̀yìn sí àwọn yòókù, ẹfun rẹ̀ á bọ́ sórí osùn wọn. Kí iná tó wọ ibẹ̀, kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lórí irin, kí ẹnìkan sì fi mítà tí a fi ń yẹ iná wò, irú èyí tó máa ń han bí wáyà méjì bá kanra, kan irin méjèèjì lẹ́yìn pákó kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá so mọ́ ọn. Níbi tí mítà bá ti han, pákó tí wọ́n so kẹ́yìn ni kí wọ́n tú wò.