Bí A Ṣe Ń Mọ Púlọ́ọ̀gì Tó Yẹ Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Àtijọ́

Púlọ́ọ̀gì lè wọ ojú ihò geere, kó sì máa ṣáná, síbẹ̀ kó má jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì yẹn rárá. Ìwọ̀n ooru ló sábà máa ń fa èyí, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lóye. Bí wọ́n bá ní púlọ́ọ̀gì kan gbóná, tí òmíràn tutù, kì í ṣe iná tó ń ṣá ni wọ́n ń wí. Bí ooru ṣe ń yára kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni. Ara tánganran funfun tó yí irin àárín ká ni ooru ń gbà dé irin ìta, kó tó bọ́ sára orí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹnu tánganran náà bá gùn, ọ̀nà ooru jìn, púlọ́ọ̀gì gbígbóná nìyẹn. Bó bá kúrú, ooru á tètè lọ, tútù nìyẹn.

Nǹkan bíi 500°C sí 800°C ló yẹ kí ẹnu púlọ́ọ̀gì wà. Bí kò bá gbóná tó, èérí dúdú ò ní jó kúrò lára rẹ̀. Iná mànàmáná á wá máa gba orí èérí yẹn sá lọ, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n. Bó bá gbóná jù, púlọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ á máa tan epo kí àkókò iná tó tó, ìyẹn sì lè jó orí písítìnì lu. Àṣìṣe kejì yìí ló burú jù. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi sáré gidi fẹ́ èyí tó tutù díẹ̀. Èyí tó ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ọ̀nà kúkúrú lè gba èyí tó fi ìpele kan gbóná ju ti ìwé ọkọ̀ lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀.

Nọ́ńbà ara púlọ́ọ̀gì lè tanni jẹ. Lọ́dọ̀ NGK, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni púlọ́ọ̀gì ń tutù. Lọ́dọ̀ Bosch àti Champion, tí àwọn náà ń ṣe é, òdìkejì ni.

Gígùn ibi tó ní tirẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ìlà tí wọ́n fi ń yí i wọlé, náà ṣe pàtàkì. Púlọ́ọ̀gì NGK B6HS tí Volkswagen Ìjàpá ń lò àti BP6ES tó wà fún MGB, ọkọ̀ eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ fẹ̀ ní 14 mm, ṣùgbọ́n H dúró fún 12.7 mm, E fún 19 mm. Ẹni tó bá ki èyí tó gùn bọ ojú ihò kúkúrú, ẹnu rẹ̀ á yọ sínú sílíńdà ní nǹkan bíi 6 mm, písítìnì sì lè gbá a.

Ẹ́ńjìnnì tó ń lo kọ́ńtáàtì, ìyẹn irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé láti fi ṣáná, sábà máa ń fẹ́ àlàfo 0.6 sí 0.7 mm lẹ́nu púlọ́ọ̀gì. Bí wọ́n bá ti fi ìgínísọ̀n ẹlẹ́kitírọ́níìkì, ẹ̀rọ tó ń darí iná, rọ́pò kọ́ńtáàtì, ó dára kí púlọ́ọ̀gì ní lẹ́tà R, nítorí ó ń dín ariwo iná tó lè da ẹ̀rọ náà rú kù. Púlọ́ọ̀gì tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ irin iridium máa ń pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń tètè dọ̀tí, púlọ́ọ̀gì lásán tó.

Ẹnu púlọ́ọ̀gì tó ti ṣiṣẹ́ ló máa fi èsì hàn. Àwọ̀ rúsúrúsú fẹ́ẹ́rẹ́ dára. Dúdú gbígbẹ ń tọ́ka sí epo àpọ̀jù láti kàbùrétọ̀, tàbí púlọ́ọ̀gì tó tutù jù. Funfun tó ní róro ń sọ pé ooru ti pọ̀ jù, ó sì yẹ kí wọ́n yẹ táìmìn, ìyẹn àkókò tí iná ń ṣá, wò pẹ̀lú. Bó bá rin fún ọ́ìlì, ríǹgì písítìnì tàbí fáàfù ló ti jẹ, kò sí púlọ́ọ̀gì tó lè wo ìyẹn sàn.