Chrome ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù "keyring" lórí Linux: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft pa ìtọ́jú Windows 10 tì. Ọ̀pọ̀ laptop tòkunbọ̀ ni Windows 11 ò gbà, làwọn tó ni wọ́n bá ní kí wọ́n bá àwọn fi Ubuntu tàbí Linux Mint, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, sí i dípò Windows. Nǹkan ń lọ dáadáa títí wọ́n fi ṣí Chrome: àpótí kékeré kan yọ, ó ní "login keyring" ò tíì ṣí, kí wọ́n mú pásíwọ́ọ̀dù wá. Pásíwọ́ọ̀dù wo? Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé.

Ṣé vírọ́ọ̀sì ni?

Rárá.

Kí wá ni keyring?

Ibi tí Linux ń kó àṣírí àwọn áàpù pamọ́ sí ni. Lórí Ubuntu àti Mint, GNOME Keyring ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń lo KDE, ojú iṣẹ́ mìíràn tí Linux ní, KWallet ni tiẹ̀. Chrome kì í da pásíwọ́ọ̀dù yín síbẹ̀ o. Inú fáìlì kan tó ń jẹ́ "Login Data" ló ń kọ wọ́n sí, á tì wọ́n pa, á wá gbé kọ́kọ́rọ́ fún keyring kó bá òun mú un dání. Tí keyring bá wà ní títì, fáìlì wà lọ́wọ́ Chrome, àmọ́ kò lè kà á.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi náà ń lo Linux, tiwọn kì í béèrè nǹkan kan. Kí ló ṣe tèmi?

Ó jọ pé àwọn ń tẹ pásíwọ́ọ̀dù kí wọ́n tó wọlé. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, Linux á fi pásíwọ́ọ̀dù kan náà ṣí keyring lábẹ́lẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èyí sábà máa ń gbà dàrú. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá yín fi Linux sí i ti yàn pé kí kọ̀ǹpútà máa wọlé fúnra rẹ̀: ẹ ò tẹ nǹkan kan, kò sì sí ohun tí wọ́n máa fi ṣí keyring. Èkejì, ìka lẹ fi ń wọlé. Ìka kì í ṣe pásíwọ́ọ̀dù, keyring ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kẹta ló ń da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ẹ gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, ẹnì kan fi agbára root, ìyẹn agbára ọ̀gá kọ̀ǹpútà, yí i padà fún yín. Ti ìwọlé yí padà, ti keyring ò kúrò níbi tó wà, àwọn méjèèjì ò bára mu mọ́.

Èwo ni kí n tẹ̀ báyìí?

Èyí tí ẹ kọ́kọ́ fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà. Kì í ṣe ti Gmail.

Fídíò kan ní kí n sọ pásíwọ́ọ̀dù keyring di òfìfo, pé kò ní béèrè mọ́ láéláé.

Òótọ́ ni. Kò ní béèrè lọ́wọ́ yín, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ olè.

Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ lófìfo, gbangba ni Linux máa kọ ohun tó wà nínú keyring sí; òun fúnra rẹ̀ á tiẹ̀ kìlọ̀ fún yín kó tó gbà. Ẹni tó bá jí laptop náà lè yọ disk rẹ̀, kó fi sára kọ̀ǹpútà mìíràn, kó mú kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀, kó fi ṣí "Login Data". Pásíwọ́ọ̀dù ìwọlé yín ò ní dá a dúró.

Ìmọ̀ràn kejì tó máa ń tẹ̀ lé e ni kí ẹ fi `--password-store=basic` kún àṣẹ tó ń ṣí Chrome. Ìyẹn ń sọ fún Chrome pé kó fi keyring sílẹ̀, kó máa lo kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú kóòdù Chromium, ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ Chrome, tí gbogbo ayé lè kà, ni wọ́n fi ṣe kọ́kọ́rọ́ náà: "peanuts". Èyí tí wọ́n bù lé e bí iyọ̀ ni "saltysalt". Ẹ̀pà oníyọ̀ ló ń ṣọ́ àkáǹtì báǹkì yín nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò ní bá jà tó bá lo òfìfo: ẹni tó ti gbogbo disk rẹ̀ pa látìgbà tó ti ń fi Linux sí i, tí kọ̀ǹpútà ń béèrè ọ̀rọ̀ gígùn kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí Linux tó dìde rárá. Tí ẹ ò bá rántí pé ẹ tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹ ò sí lára wọn.

Báwo wá ni mo ṣe máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn?

Ẹ jẹ́ kí pásíwọ́ọ̀dù kan, tí ẹ máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ṣe gbogbo iṣẹ́. Lórí Ubuntu, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Users, kí ẹ pa "Automatic Login". Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí áàpù tó ń jẹ́ "Passwords and Keys"; bí kò bá sí lórí tiyín, ẹ kọ `sudo apt install seahorse` sínú Terminal, áàpù tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí. Ẹ fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún tẹ "Login", ẹ yan "Change Password", ẹ kọ èyí àtijọ́, kí ẹ wá fi pásíwọ́ọ̀dù ìwọlé yín rọ́pò rẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ẹ jáde, ẹ tún wọlé. Ó tán.

Ẹ̀yin ará KDE: orúkọ KWallet yín gbọ́dọ̀ jẹ́ "kdewallet", nínú ọ̀nà méjì tó fi ń ti nǹkan pa, Blowfish ni kí ẹ sì fi tì í, kì í ṣe GPG. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ṣí pẹ̀lú ìwọlé.

Mo ti gbàgbé èyí àtijọ́.

Kò sí ẹni tó lè bá yín rántí rẹ̀. Ẹ yí orúkọ fáìlì `login.keyring` tó wà nínú `.local/share/keyrings` padà, Linux á ṣe tuntun. Àwọn pásíwọ́ọ̀dù tó ti wà lórí àkáǹtì Google yín ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó wà lórí laptop nìkan ti lọ, àfi tí ẹ bá padà rántí; ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ yí orúkọ rẹ̀, n ò ní kí ẹ pa á rẹ́.

Firefox kì í dà mí láàmú bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n kó lọ síbẹ̀?

Firefox kì í gbé pásíwọ́ọ̀dù fún keyring, ìyẹn ni kì í fi í béèrè. Ẹ má tíì yọ̀. `logins.json` ló ń kó pásíwọ́ọ̀dù sí, `key4.db` ló ń kó kọ́kọ́rọ́ sí, inú fódà kan náà sì ni méjèèjì wà. Ẹni tó bá ṣe ẹ̀dà fódà yẹn ti rí gbogbo rẹ̀, àfi tí ẹ bá ti fi "Primary Password" sí i nínú Settings. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń béèrè rẹ̀ títí ẹ ó fi pa Firefox.

Bitwarden tàbí KeePassXC, àwọn áàpù tó ń tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù, ò ní dára jù?

Fún ẹni tó ní fóònù àti laptop, Bitwarden rọrùn. Ctrl+Shift+L á kọ pásíwọ́ọ̀dù sí ojú ìwé tí ẹ wà fún yín, ẹ sì lè yan PIN kúkúrú dípò kí ẹ máa tẹ ọ̀rọ̀ gígùn ní gbogbo ìgbà. KeePassXC wà fún ẹni tí kò fẹ́ kí ẹrù rẹ̀ kúrò nílé: fáìlì kan ṣoṣo, lórí disk yín. Bí extension rẹ̀, ìyẹn áàpù kékeré tí ẹ fi kún bùráúsà, bá ní òun ò rí KeePassXC, ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ẹ gbà fi bùráúsà sí i. Snap àti Flatpak, ọ̀nà méjì tí Linux ń gbà fi áàpù sínú àpótí tirẹ̀, máa ń sé bùráúsà mọ́. Nígbà tí Ubuntu 22.04 sọ Firefox di snap lọ́dún 2022, extension náà ò lè bá áàpù rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣebí wọ́n ní wọ́n ti fọ́ gbogbo wọn lọ́dún 2025?

Wọn ò fọ́ wọn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, níbi DEF CON 33, àpérò àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ní Las Vegas, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Marek Tóth fi ẹ̀tàn kan hàn tó mú extension àwọn áàpù pásíwọ́ọ̀dù 11. Ojú ìwé ayélujára á sọ àpótí extension yín di aláìrí, á gbé e lé orí bọ́tìnnì tí ẹ fẹ́ tẹ̀, bíi "Accept cookies". Ẹ rò pé ẹ gba cookies. Ẹ ti ní kí extension kọ nọ́ńbà káàdì yín síbẹ̀. Ti pásíwọ́ọ̀dù le fún wọn díẹ̀, torí extension kì í kọ ọ́ sí ìkànnì tí kì í ṣe tirẹ̀, olè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ihò lára ìkànnì yẹn gan-an. Káàdì ò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ mú extension yín dé ẹ̀yà tuntun, ẹ má tọ́jú káàdì sínú rẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ètò extension nínú Chrome, kí ẹ yan "On click" fún site access, kó má baà wọ ojú ìwé kankan àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Tí mo bá ti ṣe gbogbo èyí, kí ló kù tí mo máa bẹ̀rù?

Keyring tó ti ṣí, ó ṣí fún gbogbo áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ yín. Olè tó gbé laptop ló wà fún, kì í ṣe áàpù burúkú tí ẹ fọwọ́ ara yín fi sí i. Ẹ yé da àṣẹ inú fídíò sínú Terminal láìkà á. Tèmi tó wà lókè náà, ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹnjiníà tó fẹ́ pààrọ̀ ojú laptop mi ní kí n fún òun ní pásíwọ́ọ̀dù.

Èwo ni ti pásíwọ́ọ̀dù nínú ọ̀rọ̀ ojú laptop? Pásíwọ́ọ̀dù yẹn ti wá di ohun tó ń ṣí ìwọlé, keyring àti gbogbo ohun tí Chrome mọ̀. Tó bá ní òun fẹ́ dán an wò, ẹ ṣe àkáǹtì tuntun fún un lábẹ́ Users, "Standard" ni kí ẹ yàn, kì í ṣe "Administrator", kí ẹ sì pa á rẹ́ nígbà tí laptop bá délé. Tó bá ní tiyín gan-an lòun fẹ́, ẹ gbé laptop yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.